Káàdì tó ń dá dúró láàárín àìsùn: bí wọ́n ṣe ń pèsè SD sílẹ̀ fún X-LIVE

Àbúrò kan ní Ìlẹ́ṣà ló béèrè èyí:

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń ṣe sáùǹdì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mixer (kọ́ńsóòlù) X32 la ní, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi X-LIVE, pátákó tó ń rìkọ́ọ̀dù sórí káàdì SD, sí i ká lè máa rìkọ́ọ̀dù báńdì àti akọrin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mo ra SD 128GB, kọ́ńsóòlù ò rí i rárá, mo bá fi láptọ́ọ̀pù sọ ọ́ di FAT32, ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà to fáìlì sórí káàdì, ló bá gbà á. Àmọ́ lálẹ́ àìsùn tó kọjá, ó rìkọ́ọ̀dù díẹ̀ ló bá dá dúró, mo tún tẹ̀ ẹ́, ó tún lọ, NEPA mú iná lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí mo délé fáìlì méjì ò ṣí, àwọn kan ṣí àmọ́ ariwo lásán ló kún inú wọn. Báwo gan-an la ṣe ń pèsè káàdì sílẹ̀? Bàbá kan nínú ìjọ tún gbé Alesis HD24 àtijọ́ kan, ẹ̀rọ tó ń rìkọ́ọ̀dù sórí hard disk, wá fún wa pẹ̀lú hard disk mẹ́ta. Ṣé ó ṣì wúlò? Àìsùn mìíràn ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago mẹ́rin ìdájí.”

Àbúrò mi, o ṣeun tó o to gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ báyìí, torí ọ̀pọ̀ èèyàn á kàn ní “ẹ̀gbọ́n, mixer wa ò rìkọ́ọ̀dù”, ó parí, kí n wá máa méfò. Káàdì yẹn ni jàre. Má da X32 láàmú, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u wò, má sì lọ máa yí firmware, ètò tó ń darí ẹ̀rọ náà, torí ọ̀rọ̀ yìí. Oríṣiríṣi nǹkan ló jọ pàdé lórí káàdì kan ṣoṣo yẹn: ó tóbi ju èyí tí X-LIVE ń fẹ́ lọ, láptọ́ọ̀pù lo fi fọ́máàtì ẹ̀, iná lọ nígbà tó ń kọ̀wé lọ́wọ́, èyí tó sì jẹ́ mi lógún jù ni pé mo fura gan-an pé 128GB yẹn kì í ṣe 128GB.

Ká mú ti títóbi kúrò nílẹ̀ kíá. Ojúhò SD méjì ló wà lára X-LIVE, SD àti SDHC ni wọ́n ṣe é fún, SDHC sì parí sí 32GB. Èyí tó bá ti lé ní 32GB, SDXC ni, exFAT, ọ̀nà ìto fáìlì mìíràn, ni wọ́n sì fi ń fọ́máàtì ẹ̀ láti ilé iṣẹ́ wá, ìdí nìyẹn tí kọ́ńsóòlù ò fi dá a mọ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Fèrèsé format tí Windows máa ń gbé jáde kì í tiẹ̀ fún èèyàn láyè FAT32 tí káàdì bá ti kọjá 32GB, so mo mọ̀ pé ńṣe lo lọ wá app kan kó o tó rí i ṣe. Àwọn kan á sọ fún ẹ pé 64GB làwọn ń lò, àwọn fipá sọ ọ́ di FAT32, kò sì ṣe nǹkan kan. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn, mi ò bá wọn jiyàn, àmọ́ àìsùn ò ṣeé tún ṣe, ẹ ò lè ní kí ẹ̀mí tún bà lé akọrin lọ́jọ́ kejì torí pé káàdì ò gbọ́. Ra 32GB méjì, ojúhò méjì náà wà níbẹ̀.

Wàá ní 32GB kéré. Wò ó, jẹ́ ká ṣe ìṣirò ẹ̀ pa pọ̀, torí ìṣirò yìí ló yẹ kéèyàn ṣe kó tó gbé owó lọ sọ́jà. Tí kọ́ńsóòlù bá wà ní 48kHz, tráàkì kan, ìyẹn ohùn máìkì tàbí ohun èlò kan, ń mú òǹkà (sample) 48,000 wá ní sẹ́kọ́ńdì kan. X-LIVE ń fi 32-bit kọ ọ́, ìyẹn byte mẹ́rin fún òǹkà kan. Fi 48,000 lọ́nà mẹ́rin lọ́nà tráàkì 32, ó jẹ́ 6,144,000 byte, ìyẹn 6MB ó lé díẹ̀ ní sẹ́kọ́ńdì kọ̀ọ̀kan, bí 22GB ní wákàtí kan. Káàdì 32GB kan á gbà tó ìṣẹ́jú 86, méjì á fẹ́ẹ̀ tó wákàtí mẹ́ta. Bí ti àkọ́kọ́ bá kún, ó ń bọ́ sórí èkejì fúnra ẹ̀. Tó o bá fi 44.1kHz ṣe é wàá jèrè ìṣẹ́jú mélòó kan lórí káàdì kọ̀ọ̀kan, mi ò rò pé ó yẹ kéèyàn torí ẹ̀ yí kọ́ńsóòlù padà.

Àìsùn yín wákàtí mẹ́fà ni. Ọ̀nà méjì ló wà. O lè ra káàdì mẹ́rin kó o máa pààrọ̀ ẹ̀ láàárín ìkéde tàbí nígbà tí wọ́n bá ń gba ọrẹ, kó o dá rìkọ́ọ̀dù dúró, yọ àwọn tó kún, ki àwọn tuntun bọ̀ ọ́. Tàbí kó o rìkọ́ọ̀dù tráàkì 16 dípò 32, X-LIVE ń gbà 8, 16 tàbí 32, tó bá jẹ́ 16 káàdì kan á gbà tó wákàtí mẹ́ta kù díẹ̀, méjì á lọ tó wákàtí mẹ́fà kù díẹ̀. Èmi 16 ni mo fara mọ́ fún ẹ. Kí lo fẹ́ fi 32 ṣe? Ka báńdì yín dáadáa: ìlù, bẹ́ẹ̀sì, kíbọ́ọ̀dù, gìtá, kọ́ńgà, gángan, ẹni tó ń léwájú orin, máìkì akọrin, máìkì oníwàásù, máìkì méjì tó dojú kọ ìjọ. Ibi tí wọ́n ti ń yan ohun tó ń lọ sórí káàdì nínú Routing, mẹ́jọ-mẹ́jọ ló máa ń kó o, so to àwọn tó ṣe pàtàkì sí 1 dé 16, kí àwọn máìkì tí ẹ máa ń gbé sílẹ̀ lásán wà lẹ́yìn. Gángan gbọ́dọ̀ ní tráàkì tiẹ̀ o. Ẹni tó bá da gángan pọ̀ mọ́ kọ́ńgà sínú tráàkì kan, èmi ò bá a ṣe mix, torí ohun tí gángan ń sọ, ìjọ gbọ́ ọ lójúkojú, àfi ká tún gbọ́ ọ nínú rìkọ́ọ̀dù.

Ó kan káàdì ayédèrú wàyí, ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ wà gan-an nìyí. Ariwo lásán tó o bá nínú fáìlì tó ṣí yẹn ló jẹ́ kí n fura. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á mú káàdì kékeré kan, 8GB tàbí 16GB, wọ́n á yí ohun tó ń sọ nípa ara ẹ̀ fún ẹ̀rọ padà, á máa pe ara ẹ̀ ní 128GB, wọ́n á lẹ bébà tó dáa mọ́ ọn lára. Kóńgò onígàrí tí wọ́n ti ìdí ẹ̀ wọnú ni, lójú kóńgò ni, ó dilé kó o tó mọ̀ pé gàrí ò pé. Kọ́ńsóòlù ń kọ̀wé, káàdì ń dá a lóhùn pé mo gbà á, mo gbà á, tó bá ti kọjá ibi tí ààyè tòótọ́ parí sí, yálà kó máa da èyí tó ń bọ̀ nù, tàbí kó máa kọ ọ́ lé èyí tó ti wà níbẹ̀ lórí. Kò sóhun tí kọ́ńsóòlù fẹ́ fi mọ̀ nígbà tó ń kọ ọ́ lọ, àfi kéèyàn padà wá kà á, ìgbà tí wàá sì kà á ni ìgbà tí àìsùn ti tán tí oníkálukú ti relé.

So gbogbo káàdì tuntun, gbogbo ẹ̀ ni mo wí, ibi yòówù kó o ti rà á, dán an wò kó o tó gbé e dé ẹ̀gbẹ́ X32. Orí Windows, H2testw ni wọ́n ń lò, ọ̀fẹ́ ni. Tó bá jẹ́ Linux tàbí Mac lo ní, F3 ni kó o wá. Ohun kan náà ni méjèèjì ń ṣe: wọ́n á kọ nǹkan kún káàdì bámúbámú, wọ́n á wá kà á padà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n á sọ iye tó pé àti iye tó sọnù. Káàdì gbọ́dọ̀ ṣófo kó o tó bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń pẹ́ o, má wá sọ pé mi ò sọ fún ẹ, káàdì 32GB tó ń kọ 10MB ní sẹ́kọ́ńdì kan, kíkọ ẹ̀ nìkan á gba nǹkan bí wákàtí kan kù díẹ̀ kó tó kan kíkà, so lálẹ́ tí iná bá dúró ni kó o gbé e sí i kó o lọ sùn. Èrè kejì tó wà níbẹ̀ ni pé á tún sọ fún ẹ bí káàdì náà ṣe yára kọ̀wé sí, ìyẹn gan-an lohun tó kàn tí mo fẹ́ sọ. Àmọ́ kí n tó débẹ̀: tí Windows bá sọ pé 32GB tó o rà jẹ́ 29 àti díẹ̀, wọn ò rẹ́ ẹ jẹ, ẹni tó ṣe káàdì ń fi 1,000 ka tiẹ̀, Windows ń fi 1,024 ka tiẹ̀.

Nígbà tó o bá sì lọ rà á, ìbáà jẹ́ Lagere níbí ní Ifẹ̀ tàbí lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún, sọ fún wọn kó o tó sanwó pé o fẹ́ lọ dán an wò, pé tí kò bá pé o máa dá a padà, kí wọ́n já rìsíìtì fún ẹ. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò lórí ọ̀rọ̀ yẹn, kọjá síwájú. Ìjẹ̀ṣà òṣómàáló ṣá ni ẹ́, kì í ṣe èmi ni màá kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń gba owó padà.

Ìyára wá. Ohun tí wọ́n kọ gàdàgbà sára káàdì, 100MB/s àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kíkà ni wọ́n sábà máa ń sọ, kì í ṣe kíkọ. Àmì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni kó o wò. 10 tó wà nínú C túmọ̀ sí pé kò gbọ́dọ̀ kọ̀wé lọ sílẹ̀ ju 10MB lọ ní sẹ́kọ́ńdì kan, 1 inú U náà jẹ́ 10MB, 3 inú U jẹ́ 30MB, V30 náà jẹ́ 30MB. Wàá ní ṣebí 6MB lo sọ pé X-LIVE ń fẹ́ fún tráàkì 32, ṣebí 10 ti tó. Lórí ìwé, ó tó. Àmọ́ káàdì kì í kọ̀wé geere bí omi ẹ̀rọ, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ó máa ń dá dúró láti pa ibi tó fẹ́ kọ̀wé sí rẹ́ ná, kí ó tún inú ara ẹ̀ tò. Tó bá jẹ́ fọ́tò, fọ́tò á dúró dè é, èèyàn ò tiẹ̀ ní mọ̀. Ohùn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Akọrin ń kọrin lọ, kọ́ńsóòlù ń kó ohùn jọ sínú àyè kékeré tó ní, tí àyè yẹn bá kún kí káàdì tó ṣe tán, rìkọ́ọ̀dù já nìyẹn. Bí tìẹ ṣe ń dá dúró tó o sì ń tún un tẹ̀ tó ń lọ, irú ẹ̀ ni. U3 tàbí V30 ni kó o rà, owó tó fi ju èyí tó kéré lọ ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó jẹnẹrétọ̀ alẹ́ kan ṣoṣo. Má ra microSD tí wọ́n ki bọ inú adapter kó o ki í bọ kọ́ńsóòlù o, ara wọn méjèèjì kì í lẹ̀ mọ́ra dáadáa tí spíkà bá ń mi ilẹ̀ tìtì.

Tó o bá ti ní káàdì tó jẹ́ òótọ́ tó sì yára, fọ́máàtì ló kù, inú X32 fúnra ẹ̀ ni kó o ti ṣe é. Lọ sí Setup, ojú ewé tí wọ́n kọ card sí, wàá rí i níbẹ̀. Má jẹ́ kí láptọ́ọ̀pù ló kẹ́yìn fọwọ́ kan káàdì náà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kí ló dé? FAT32 tí láptọ́ọ̀pù ṣe àti FAT32 tí kọ́ńsóòlù ṣe lè máà rí bákan náà nínú. Inú FAT32, wọ́n máa ń gé káàdì sí wẹ́wẹ́, app kan á gé e kéékèèké, òmíràn á gé e ńlá-ńlá, tó bá ti kéré jù ẹ̀rọ á máa sá padà lọ kọ ọ́ sínú tábìlì àkọsílẹ̀ káàdì lóòrèkóòrè pé mo ti lo èyí, mo ti lo tọ̀hún, àsìkò ló ń jẹ. Yàtọ̀ síyẹn Windows á fi fódà tí èèyàn ò rí pamọ́ síbẹ̀, Mac tiẹ̀ á kó tiẹ̀ sí i ju bẹ́ẹ̀ lọ, Android náà á kó tiẹ̀ sí i tí èèyàn bá ki káàdì bọ fóònù. Tó o bá ti fi H2testw dán an wò tán, o lè fi SD Memory Card Formatter, ti SD Association, nù ún mọ́ lórí láptọ́ọ̀pù, ọ̀fẹ́ lòun náà, ó dáa ju fèrèsé format Windows lọ, àmọ́ lẹ́yìn ẹ̀ ṣì gbé e lọ fọ́máàtì nínú X32.

Pípa fáìlì rẹ́ kì í ṣe fọ́máàtì, mo fẹ́ kí èyí wọ̀ ẹ́ létí dáadáa torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ sáùǹdì ń bà á jẹ́ sí. Wọ́n á gbé káàdì sórí láptọ́ọ̀pù, pa ti oṣù tó kọjá rẹ́, fi méjì tí pásítọ̀ fẹ́ràn sílẹ̀, kí káàdì wá máa wá ihò kéékèèké tó fẹ́ kọ̀wé sí kiri láàárín èyí tó kù. Tí iṣẹ́ tuntun bá ń bọ̀, kó àtijọ́ jáde tán pátápátá, dá a sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, gbọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ẹ̀ kó o rí i pé ó dún, kó o tó wá fọ́máàtì. Káàdì kì í ṣe ibi ìpamọ́. Wo bọ́tìnì kékeré ẹ̀gbẹ́ SD náà, tó bá ti sún sísàlẹ̀, ó ti tì nìyẹn, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ nǹkan sínú ẹ̀, mo ti rí i tí wọ́n ń pe ẹnjiníà torí bọ́tìnì yẹn.

Kọ A àti B sára àwọn méjèèjì, kó o fi sínú àpótí kékeré tó ní ideri, kó o sì sọ fún àwọn oníkámẹ́rà ìjọ pé káàdì yìí kì í ṣe ti gbogbo ayé. Wọ́n á wá yá a. Wọ́n máa ń wá yá a ní ọjọ́ ìgbéyàwó, “bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, tèmi ti kún”, wọ́n á fi kámẹ́rà fọ́máàtì ẹ̀, wọ́n á dá a padà láìsọ nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ iná. Nígbà tí NEPA mú iná yẹn, fáìlì tí kọ́ńsóòlù ń kọ lọ́wọ́ ò rí àyè tì. Ohùn wà nínú káàdì o, àmọ́ ibi tí wọ́n ti ń kọ ọ́ pé fáìlì yìí gùn tó báyìí ṣì ṣófo, láptọ́ọ̀pù á wá sọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú fáìlì méjì tó kọ̀ láti ṣí jẹ́ irú èyí, so má fọ́máàtì káàdì yẹn báyìí, ẹ̀dà gbogbo ẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ ṣe sórí kọ̀ǹpútà, àwọn app tó ń tún orí fáìlì ohùn WAV ṣe wà, wọ́n lè yọ nǹkan níbẹ̀. Ti èyí tó kún fún ariwo, mi ò rò pé a lè rí i gbà padà. Àmọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ra X-LIVE ò mọ̀ ni pé ààyè bátìrì wà lára pátákó náà, CR123A, bátìrì lithium kúkúrú yẹn, iṣẹ́ ẹ̀ ò ju pé bí iná bá lọ lójijì kó fún X-LIVE lágbára tó máa fi ti fáìlì kó tó kú. Pa kọ́ńsóòlù, yọ wáyà iná, kó o tó tú X-LIVE jáde láti fi sí i. Yàtọ̀ sí bátìrì, ẹ ra UPS, àpótí bátìrì tó ń gbé iná ró bí iná bá lọ, fún kọ́ńsóòlù, kì í ṣe fún spíkà o, kọ́ńsóòlù nìkan, torí kí ẹni tó máa yí iná sí jẹnẹrétọ̀ tó rìn dé ìdí ẹ̀, X32 ti kú ó ti tún ń jí, rìkọ́ọ̀dù ò sì ní bẹ̀rẹ̀ fúnra ẹ̀, ìwọ ni wàá rántí tẹ̀ ẹ́.

Wo aago kọ́ńsóòlù náà kó o tó bẹ̀rẹ̀, torí inú ọjọ́ àti àsìkò ni X-LIVE ti ń mú orúkọ fódà jáde, lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́jọ tí kò jọ nǹkan kan lójú. Inú fódà yẹn wàá rí 00000001.WAV, 00000002.WAV, títí lọ, pẹ̀lú fáìlì kan tí wọ́n ń pè ní SE_LOG.BIN. Má bẹ̀rù bí wọ́n ṣe pọ̀. FAT32 ò gbà kí fáìlì kan tó 4GB, tráàkì 32 sì ń jẹ 4GB láàárín ìṣẹ́jú mọ́kànlá ààbọ̀ ó lé díẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń gé e, kò sí ohun tó sọnù láàárín wọn tó o bá tò wọ́n tẹ̀ léra. Gbogbo tráàkì ló wà pa pọ̀ nínú WAV kan, so tó o bá fi ẹ̀rọ orin fóònù ṣí i tó ń ṣe ṣúńkẹrẹ fàkẹrẹ, má pariwo, Reaper, app tí wọ́n fi ń ṣe mix lórí kọ̀ǹpútà, ni kó o fi ṣí i, ó ní ibi tí wọ́n ti ń tú u sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Má yí orúkọ kankan padà lórí káàdì fúnra ẹ̀, kọ́ńsóòlù ò ní mọ̀ ọ́n mọ́ tó o bá fẹ́ fi ṣe soundcheck lọ́jọ́ mìíràn.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, mi ò tíì gbà pé káàdì ti ṣetán. Lọ́jọ́ rihásà, kó tó di ọjọ́ àìsùn gan-an, fi káàdì méjèèjì sí i, yan iye tráàkì tó o máa lò, tẹ rìkọ́ọ̀dù, kó o fi sílẹ̀ títí A á fi kún tí á fi bọ́ sórí B tí B náà á fi kún. Kì í ṣe ìṣẹ́jú márùn-ún, ìṣẹ́jú márùn-ún ò fi nǹkan kan hàn, káàdì burúkú máa ń ṣe dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀. Tí báńdì bá ti lọ, fi máìkì sílẹ̀ kó máa gbọ́ afẹ́fẹ́, byte tó ń jẹ ò yàtọ̀. Gbé e wá sílé, ṣí ti ìbẹ̀rẹ̀, ti àárín, ibi tí A ti fà á lé B lọ́wọ́, àti ti ìgbẹ̀yìn. Tí gbogbo ẹ̀ bá dún, padà lọ fọ́máàtì wọn nínú X32, yọ wọ́n, dé àpótí, ó di alẹ́ àìsùn kẹ́nikẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n. Lálẹ́ náà, ki fláàṣì kan bọ ojúhò USB òkè kọ́ńsóòlù, tiẹ̀ náà FAT32, kó o máa rìkọ́ọ̀dù mix gbogbogbòò sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Tráàkì méjì péré ni, 16-bit, kò tó 700MB ní wákàtí kan, àmọ́ bí gbogbo nǹkan bá dojú rú ìjọ á ṣì rí nǹkan gbọ́.

HD24 bàbá yẹn, ẹ bá mi kí wọn dáadáa. Ẹ̀rọ gidi ni, ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000 ló jáde, tráàkì 24 ní 48kHz 24-bit, bí 12GB ní wákàtí kan. Ó ṣì wúlò tó bá ń tàn. Àmọ́ hard disk IDE ló ń lò, àwọn tí wáyà wọn fẹ̀ pẹlẹbẹ, SATA tó wà nínú kọ̀ǹpútà ìsinsìnyí ò lè wọ inú ẹ̀ láìsí ohun tó máa so wọ́n pọ̀, jumper, ike kékeré tó wà lẹ́yìn disk, sì gbọ́dọ̀ wà ní master. Inú HD24 lo ti máa fọ́máàtì disk náà, kò sí ibòmíràn, torí kì í lo FAT32, ó ní tiẹ̀ tí wọ́n ń pè ní FST, tí wọ́n dìídì ṣe kí orí disk má máa sáré ká kiri nígbà tí tráàkì 24 bá ń wọlé. Láptọ́ọ̀pù ò mọ FST. Tó o bá so disk yẹn mọ́ Windows á ní kó o initialize ẹ̀ tàbí kó o fọ́máàtì ẹ̀, jọ̀ọ́, fagi lé e, nítorí Ọlọ́run.

Kí ló dé tí mo fi ń bẹ̀ ẹ́? Torí o sọ pé disk mẹ́ta ló bá a wá, o ò sì sọ pé wọ́n ṣófo. Bàbá tó ra HD24 nígbà yẹn, ó rìkọ́ọ̀dù nǹkan sí i. Ó lè jẹ́ ohùn akọrin yín láyé ìgbà tí àwọn tó ti sùn nínú Olúwa ṣì ń kọrin níbẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ wọn kó o tó tẹ format kankan. Tí disk kan bá ń dún kọ-kọ-kọ nígbà tó bá ń yí, pa á, má tún un tàn, ẹni tó mọ iṣẹ́ gbígba data padà ló kàn. Èyí tó bá ń ṣiṣẹ́, ọ̀nà tó rọrùn jù láti kó ohun inú ẹ̀ jáde wà nílé yín: HD24 ní ẹnu ìjáde 24 lẹ́yìn, X32 ńlá ní ẹnu ìwọlé 32, fi kéèbù TRS sí XLR so wọ́n, fa gain wálẹ̀ dáadáa torí line ni kì í ṣe máìkì, tẹ play ní ọ̀hún, tẹ rìkọ́ọ̀dù lórí X-LIVE níbí, kí ó máa lọ bí orin náà ṣe gùn tó. Ó ní ojúhò Ethernet náà, àmọ́ ó lọ́ra débi pé wàá fẹ́ sùn. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kó gbogbo ẹ̀ jáde lẹ lè wá ronú bóyá ẹ fẹ́ máa fi HD24 ṣe èkejì X-LIVE tàbí ẹ fẹ́ fi í sílẹ̀. Èmi ò ní gbé àìsùn lé hard disk tó ti lé lógún ọdún lórí nìkan, kódà kí ó máa dún bí ọjọ́ tí wọ́n rà á.

Fi H2testw dán 128GB yẹn wò lẹ́yìn tó o bá ti ṣe ẹ̀dà ohun tó wà nínú ẹ̀ tán, kó o fi ohun tó bá sọ ránṣẹ́ sí mi, èmi náà fẹ́ mọ iye tó jẹ́ gan-an.